Ẹ Wo Imú Mi

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ tèmi. Òótọ́ lèyí tí mo gbé wá lónìí, mi ò bu iyọ̀ sí i. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́.

"Ta ló ba awò yìí jẹ́?"

Ọ̀gá ló ń bèèrè bẹ́ẹ̀, ó na awò ojú náà síwájú bí ẹni gbé òkú eku. Ìkẹta rèé lọ́sẹ̀ yẹn. Oníbàárà á gbé awò tuntun délé, orí á máa fọ́ ọ, ilẹ̀ á máa yí lójú ẹ̀, á bá dá a padà.

Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ ń nu tábìlì lọ. Dókítà ni wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pè. Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń kọ́ṣẹ́ awò ojú, oṣù yẹn gan-an ni Ọ̀gá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé rúlà lé e lọ́wọ́ pé kó máa wọn ojú oníbàárà. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, Ọ̀gá á fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ ẹ̀, á lọ ṣèdánwò, òun náà á di ẹni tó lè dá dúró. Àfi táwọn awò wọ̀nyí ò bá jẹ́.

"Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ lo ṣe ń wọ̀n ọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Dókítà ti fura sí ẹnì kan: Agédígí, ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ gé dígí awò ní yàrá ẹ̀yìn. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ pé kó lọ ṣèdánwò rí. Kí ló dé tó máa ń tilẹ̀kùn mọ́ra? Ẹ̀rín ẹ̀ gan-an ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín láràárọ̀ báyẹn, ó nídìí.

Ló bá ń ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, ó ń yọjú níbi àlàfo ilẹ̀kùn, àfi gbàgà tí ilẹ̀kùn ṣí.

"Dókítà! Kí lò ń wá?"

"Eku ni mò ń lé, bọ̀ọ̀dá."

"Eku? Sọ fún un kó ṣọ́ra o, kí ẹ̀rọ má gé e nírù."

Ara Dókítà bù máṣọ. Ta ni wọ́n ń pè léku?

Lọ́jọ́bọ̀, ó lọ bá Ọ̀gá. "Mi ò fẹ́ ba tẹnikẹ́ni jẹ́ o, sà. Àmọ́ yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bọ̀ọ̀dá ò fẹ́ kí n lọ ṣèdánwò."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Á kó ẹrù ẹ̀ lọ́la."

Ilẹ̀ mọ́. Agédígí ń kó ẹrù sínú báàgì, Ọ̀gá ń gba ìpè níta. Ìyá Olùkọ́, ọ̀kan nínú àwọn tó dá awò padà, wá kí wọ́n tún ojú ẹ̀ wọ̀n. Dókítà gbé rúlà.

"Ṣé imú ẹ ni kí n tún máa wò, bíi tọjọ́sí?" ni màmá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo wò ó títí, ojú mi méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kíra wọn!"

Ọwọ́ Agédígí dúró lórí báàgì.

Bí Ọ̀gá ṣe kọ́ wọn ni pé kí ẹni tó ń wọn ojú di ojú tiẹ̀ kan, kí oníbàárà wo èyí tó là, kí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n sì wá pààrọ̀ ojú tó dì. Rúlà á wá sọ bí ọmọlójú kan ṣe jìnnà sí èkejì tó. Àmọ́ láti kékeré, Dókítà ò lè di ojú kan. Tó bá di ọ̀kan, èkejì á tẹ̀ lé e bí ìbejì. Ìtìjú ò jẹ́ kó sọ, ló bá ń ní, "Ẹ wo imú mi," ó rò pé kò sóhun tó máa yàtọ̀. Ojú tó bá sì ń wo ohun tó sún mọ́ ọn á fà síra, ìwọ̀n á kúrú. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún Agédígí ló sì ń gé. Ọ̀rọ̀ màmá ló jẹ́ kó yé Dókítà.

Ọ̀gá wọlé. Dókítà wo Agédígí. Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀? Àbí ó ń dúró kí òun fẹnu ara òun kó bá ara òun ni? Ọkùnrin náà kàn fa síìpù báàgì ẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, èmi ni," ni Dókítà wí. "Mi ò lè di ojú kan, sà."

"Kí lo wí?"

"Ẹ wò mí." Ó gbìyànjú. Méjèèjì dì pọ̀, ẹnu náà sì bá a ká. Ìyá Olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó sì sáré fọwọ́ bo ẹnu.

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìwé iṣẹ́ tí ò tíì fọwọ́ sí, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀. "Ó dọdún tó ń bọ̀," ló wí. Ó yíjú sí Agédígí. "Gbé báàgì ẹ sílẹ̀, jàre."

Agédígí wọ yàrá ẹ̀yìn, ó sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Ẹ̀rọ dún díẹ̀. Nígbà tó jáde, ó mú ike dúdú kan lọ́wọ́, ó ti gé e roboto, ó sì ṣe ìdìmú sí i.

"Gbà, fi máa bo ojú kan. Ọwọ́ tí ò ń nà sí mi láti ọjọ́ yìí yẹn, fi di èyí mú."

Dókítà gbà á tọwọ́ méjèèjì. Ó fi bo ojú ọ̀tún, ó kúnlẹ̀ síwájú màmá.

"Màmá," ló wí, "ẹ wo ojú mi."

Ibi tí wọ́n sọ ọ́ dé fún mi nìyẹn. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ta lẹ ti fura sí rí, tó jẹ́ ọ̀dọ̀ yín lọ̀rọ̀ wà? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà gadagba o, ojú tèmi náà ti dàgbà.