Ojú Jethro Nínú Àwòrán

Iṣẹ́ Amos Thirkell ni kó máa fín àwòrán ẹ̀fẹ̀ sára bàbà, kó fi máa ta àwọn ìjòyè ọba lẹ́gùn-ún. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, Dorcas ìyàwó rẹ̀ á fi ọ̀dà kùn ún, á gbé e sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, èrò á sì pé lé e lórí, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tí búrẹ́dì wọ́n gógó, àwọn tébi ń pa dá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mínísítà kan dúró, wọ́n sọ ọ́ lókò. Amos fín in: mínísítà sanra rọ̀bọ̀tọ̀ bí ẹlẹ́dẹ̀ ọdún Kérésìmesì, ọkùnrin kan sì ń ju búrẹ́dì gbígbẹ lù ú lórí. Ojú Jethro, àbúrò Dorcas, ló fún ọkùnrin náà, torí kò sẹ́ni tí ẹ̀rín yẹ bíi tirẹ̀. Jethro alára ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàtà ló ń rán nílé.

Nígbà tó rí àwòrán náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá tiẹ̀ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ díẹ̀ nínú búrẹ́dì yẹn kí n tó jù ú."

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn agbófinró tó rí àwòrán náà wá mú Jethro. Ẹlẹ́rìí méjì búra pé àwọn rí i níbẹ̀. Amos sáré lọ sí kóòtù.

"Olúwa mi, èmi ni mo kàn fi ojú yẹn síbẹ̀. Kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Adájọ́ wò ó. "Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé mínísítà lo yà, wọn ò ṣì í mọ̀. Báwo ni ojú ẹnì kejì inú àwòrán náà ṣe wá di irọ́?"



Iṣẹ́ àṣekára ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n dá fún Jethro, nínú oko tábà ní Amẹ́ríkà. Kò débẹ̀. Ibà pa á nínú ọkọ̀, wọ́n sì sọ òkú rẹ̀ sómi.

Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́, Dorcas ò sunkún. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ò fi ojú tiyín síbẹ̀?"

"Mi ò rò ó," Amos dáhùn.

"Ẹ ò rò ó."

Amos fi òòlù lu bàbà náà títí tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn ti da àwòrán náà kọ, ó sì ń tà wàràwàrà. Ẹ̀yìnkùlé onílé-onílé ni Dorcas ń gbà lọ sọ́jà, kó má baà kọjá níwájú fèrèsé àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn.