Ẹ̀gbà Ọwọ́ Màmá

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán. Ọkàn Màmá ń lù bíi ti ọmọge,” Moudachirou wí nínú fóònù. “Kí ló wá ń dẹ́rù bà ọ́?”

Rakia, àbúrò rẹ̀, dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá aláìsàn ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Savalou. “Ẹ̀gbọ́n, n kò sọ̀rọ̀ ọkàn. Ojú yín ni Màmá fẹ́ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá.”

“O mọ̀ pé àsìkò kajú la wà. Bí mo bá kúrò ní Bantè lónìí, àwọn ará Parakou á rà á tán mọ́ mi lójú. Tí ẹ̀rọ bá ké, màá wá.”

Ó pa fóònù. Ẹni tó bá gun alùpùpù láti Bantè lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kí oòrùn tó mú, ó ti dé Savalou. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Oumou, Màmá wọn, bí kò rí ọ̀nà náà tọ̀. Ẹ ò rí nǹkan?

Ẹ̀rọ ló kó bá wọn. Ilé ìwòsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àwọn ẹ̀gbà ọwọ́ kan tí wọ́n ń so mọ́ aláìsàn. Ẹ̀gbà náà á máa ka bí ọkàn ṣe ń lù, á máa fi ránṣẹ́ láìsí okùn sí ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì, àti sí fóònù ẹnì kan péré nínú ẹbí. Ọ̀gbẹ́ni tó gbé e wá láti Kútọnu fọ́nnu títí: kóòdù ló fi tì í pa, olè ò lè wọ ibẹ̀, dókítà pàápàá ò lè yí ohun tó bá sọ padà. Moudachirou, olórí ẹbí, ni wọ́n fún ní kóòdù. Rakia tó ń fọ aṣọ ìdọ̀tí, tó ń sùn lórí ẹní lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, wọn ò fún un ní nǹkan kan. Obìnrin ni, àbúrò ni, kò sì gbọ́ Faransé. Ta ló fẹ́ fún un?

Ọ̀gá Kútọnu ro ti olè, kò ro ti àlùwàlá. Ẹ̀gbà náà lẹ̀ mọ́ ara pinpin, Oumou sì yarí pé omi gbọ́dọ̀ kan awọ. “Ṣé ẹ̀rọ ni yóò bá mi dáhùn lọ́run ni?” ó ní. Rakia bá a bọ́ ọ. Ẹ̀rọ figbe ta, Jémima nọ́ọ̀sì sáré wọlé.

“Mo rò pé Ìyá ti lọ ni. Ẹ má tún dán an wò mọ́.”

Ìyá ò sì ní torí nọ́ọ̀sì pa ìrun jẹ. Nígbà tí àkókò ìrun tún tó, Rakia bọ́ ẹ̀gbà náà, ó sì yára so ó mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò wá. Tìyá tọmọ rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí ẹran jẹ. “Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ títí Mọ̀gàríbì,” Oumou ní. “Ó ń yún mi.” Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di àṣà. Láti ìrun Àìlà títí ilẹ̀ á fi ṣú, abẹ́ híjáàbù Rakia ni ẹ̀gbà ń wà, àsìkò yẹn gan-an sì ni Moudachirou máa ń ráyè yẹ fóònù rẹ̀ wò.

Nítorí náà, nígbà tó ní ọkàn Màmá ń lù bíi ti ọmọge lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Rakia mọ ọkàn ẹni tó ń wò. Ó yẹ kó sọ. Ẹ̀rù ìbínú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bà á, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ìyà tó jẹ ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Ó wọlé bá Màmá. Ọjọ́ méjì sẹ́yìn, ó ti gbé fóònù fún un kó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, Màmá sì tì í padà. “Ojú lọ̀rọ̀ wà,” ó ní. Lónìí, omi àlùwàlá nìkan ló béèrè. Ó kírun Alásàrì ní ìjókòó, ó sì dùbúlẹ̀. Rakia jáde lọ ra ẹ̀kọ gbígbóná lẹ́nu géètì. Ó padà dé, ojú Màmá là sílẹ̀, kò ríran mọ́.

Dókítà fetí sí àyà ìyá náà pẹ́, ó mi orí. Lórí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì, ọkàn Oumou ṣì ń lù geere. Jémima ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. “Àfi tí ẹ̀rọ bá ti bàjẹ́,” ó ń sọ ọ́ léraléra. Rakia fa híjáàbù bo ẹ̀gbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n pe Moudachirou, ó wá rí ọ̀nà báyìí. Kí Mọ̀gàríbì tó tó, ó ti dé, òun àti àwọn obìnrin tó máa wẹ òkú fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ wọlé. Ó dí ẹnu ọ̀nà, ó gbé fóònù sókè.

“Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ wò ó, ó ń lù. Ìyá mi ò kú.”

“Alàgbà, mo fi etí ara mi gbọ́,” dókítà ní.

“Etí ènìyàn lè ṣì gbọ́. Kóòdù ló wà lórí èyí. Tó bá sì ti kú lóòótọ́, nọ́ọ̀sì yìí ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Màá fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.”

Jémima fà sẹ́yìn mọ́ ògiri. Omi ń dà lójú rẹ̀. Ká ní kò sí obìnrin yìí ńbẹ̀ ni, bóyá Rakia ì bá gbé ọ̀rọ̀ náà dé sàréè tirẹ̀. Ó ká híjáàbù sókè.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa wo fóònù yín.”

Ó bọ́ ẹ̀gbà náà. Ìlà tó ń fò lójú fóònù nà tọọrọ, fóònù sì ń ké lọ́wọ́ Moudachirou.

“Ọkàn mi ni,” Rakia ní. “Lọ́sàn-án gbogbo, ọkàn mi lẹ ń wò. Nọ́ọ̀sì ò mọ nǹkan kan. Ẹ fi í sílẹ̀.”

“Ìwọ lo pa á.”

“Ó lè jẹ́ èmi. Mi ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ wá lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀ bá ti rí ojú rẹ̀, ẹ ò sì ní máa bi ẹ̀rọ.”

Fóònù ò gbà kí wọ́n pa igbe náà láìsí kóòdù. Moudachirou ṣì í tẹ̀, ó tún un tẹ̀. Nígbà tí fóònù dákẹ́, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

“Ṣé ó béèrè mi?”

Rakia mọ irọ́ tó lè tù ú nínú. Lójoojúmọ́ ló ń pa irú rẹ̀ fún Màmá, pé ọmọ rẹ̀ ń bọ̀, pé ó ti wà lọ́nà. Inú rẹ̀ korò, kò pa irọ́ náà fún un.

“Ojoojúmọ́ ló ń béèrè yín,” ó ní. “Òní nìkan ni kò béèrè.”

Moudachirou kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn obìnrin náà gbé omi wọlé, Rakia sì tẹ̀ lé wọn.