Ẹ̀rọ Tí Kì í Dúró Deni

"Fadékẹ́mi!"

Orin ku díẹ̀ kó parí. Fadékẹ́mi tẹ bọ́tìnnì tó ń dá gémù dúró, ohùn gé, ọmọbìnrin tó ń kọrin nínú tẹlifíṣọ̀n sì dúró sójú kan, tòun ti ẹnu ní yíyà.

"Mà!"

"Wá bá mi wo fóònù yìí, kò sọ̀rọ̀ mọ́."

Ó gbé páàdì gémù sílẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ ní yàrá ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ti yí ohùn fóònù wálẹ̀. Fadékẹ́mi yí i sókè, ó padà sí pálọ̀. Kò tíì jókòó dáadáa tí ìyá tún fi pè é pé kó wá ṣí fèrèsé. Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyẹn láàárín orin kan ṣoṣo tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti sú u pátápátá.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyá Ọlábíyìí ní òun fẹ́ lò nígbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé sí ilé wọn ní Minanata, lápá àríwá. Oṣù kẹrin rèé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti rí i pé ìyàwó ọmọ òun jókòó báyìí, ọ̀fun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un láti pè é. Bí Fadékẹ́mi bá sì fẹjọ́ sun ọkọ, "Ìyá mi ni, fara dà á" ni gbogbo ohun tí Ọlábíyìí mọ̀ ọ́n wí.

Ilé gémù kan ní àdúgbò Gawon Nama ni Fadékẹ́mi ti kọ́kọ́ bá orin yìí pàdé. Ẹ̀rọ ńlá kan wà níbẹ̀ tó ga ju ènìyàn lọ, bọ́tìnnì mẹ́rin rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀. Ọmọbìnrin kan á máa kọrin Japan lójú ẹ̀rọ. Kì í ṣe ènìyàn. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe ohùn rẹ̀ àti irun rẹ̀ tó gùn dé kókósẹ̀. Àmì á máa fò wá, ìwọ á sì máa tẹ bọ́tìnnì tó bá a mu gẹ́lẹ́ bí orin ṣe ń lọ. Irun yẹn ló fa Fadékẹ́mi onídìrí wọlé, àfi bí ó ṣe rí i pé ìka òun mọ iṣẹ́ náà. Ó ní kí ọkọ òun bá òun ra ti ilé, kí òun lè máa fi kọ́ra. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́: kó parí orin tó le jù lórí ẹ̀rọ ńlá náà láìṣì ẹyọ kan. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn nìkan ni kì í jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ti ilé ṣeé dá dúró. Ti Gawon Nama kì í dúró de ènìyàn.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣí fún obìnrin níbẹ̀, Nana ìyàwó onílé gémù ló sì máa ń jókòó tì wọ́n. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ló kẹ́yìn. Wọ́n ti ta ẹ̀rọ náà sí Kano, ọkọ̀ á wá gbé e lọ́sàn-án.

"Ki yi maza," ni Nana wí fún un, pé kó ṣe kíá.

Fadékẹ́mi bẹ̀rẹ̀. Ìdajì orin kọjá, kò ṣì. Ibi tó le jù dé, ìka rẹ̀ ń sáré, kò ṣì. Nana dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Fadékẹ́mi!"

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ilé aládùúgbò ni ìyá wà láàárọ̀ nígbà tí Fadékẹ́mi fi ìgbàgbé ti ilẹ̀kùn, tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Aládùúgbò yẹn ló júwe ibí fún un, ìyá sì fi ìbínú wọ kẹ̀kẹ́ NAPEP wá.

Orúnkún ìyàwó ti tẹ̀ kó tó ronú. Ara ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í dúró gba àṣẹ. Àmì kan fò kọjá, ọwọ́ rẹ̀ kò bá a. Ó na ẹsẹ̀ padà kíá.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ló wí láìyíjú. "Ẹ jọ̀ọ́, ó ku díẹ̀."

"Èmi lo kọ ẹ̀yìn sí?"

Ó tẹ̀ ẹ́ títí orin fi parí. Èsì jáde: ó ṣì ẹyọ kan. Inú bí i débi pé omi lé ròrò sí i lójú. Ó yíjú, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì na kọ́kọ́rọ́ sí ìyá.

"Ẹ má bínú, mà."

"Ọmọlangidi yìí náà lo máa ń tẹ̀ nílé tí mo bá ń pè ọ́?"

"Òun ni, mà. Mi ò ráyè parí ẹ̀ rí."

"O ò sì sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé mò ń dí ọ lọ́wọ́."

Òótọ́ ni, kò sọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, oṣù mẹ́rin gbáko sì ni Fadékẹ́mi fi dákẹ́.

"Ẹ̀ ń dí mi lọ́wọ́, mà," ló wí wẹ́rẹ́.

Nana kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó na kọ́ìnì ẹ̀rọ kan síwájú. "Ki sake," ló wí, pé kó tún un ṣe.

"Dìde, jẹ́ ká lọ," ni ìyá wí. "Ebi ń pa mí."

"Ọbẹ̀ wà lórí sítóòfù, mà. Ẹ máa lọ. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan."

"Màá sọ fún Ọlábíyìí."

"Ẹ sọ fún un, mà."

Lórí ìkúnlẹ̀ ló ti sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gba kọ́ìnì lọ́wọ́ Nana, ó sì kọjú sí ẹ̀rọ.