Ẹ Má Fi Wúrà Kùn Wọ́n

Kí n tó mọ Dídán rárá ni mo ti ń kó ìkòkò òdòdó àtijọ́ jọ. Kọ́tìnnì ni mo ń rán. Bí mo bá lọ so kọ́tìnnì sílé oníbàárà, tí mo bá wọn níbi tí wọ́n ti fẹ́ da irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ nù, mo máa ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bùn mí." Kì í ṣe ìkòkò aláràbarà o. Ìgbà tí àwọn ìyá wa àgbà ṣì jẹ́ ọmọge ni wọ́n mọ wọ́n, nígbà tí àwọn amọ̀kòkò kan ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn ò ya ẹyẹ àti ewé sí ìkòkò lára mọ́, kí ó fi ìdúró rẹ̀ nìkan rẹwà.

Mẹ́ta ni mo fẹ́ràn jù. Ọrùn-Lékelèké funfun báláú, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Oníkùn dúdú, ó rí rogodo, ẹnu rẹ̀ ò ju ẹnu ìgò lọ. Ara-Òkúta ní àwọ̀ eérú, ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki bí ògiri tí wọn ò tíì rẹ́. N kì í ki òdòdó bọ̀ wọ́n lẹ́nu. Ojú fèrèsé ni mo máa ń tò wọ́n sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnnì tí kò ní àwòrán kankan, kí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ máa rá gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá.

Dídán ni wọ́n ń pe olólùfẹ́ mi níbi iṣẹ́, torí kò sí jákujàku ọkọ̀ tó fín lọ́dà tí kì í dán bí ojú omi. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ yàrá mi, kò fi mí rẹ́rìn-ín bí àwọn yòókù. Ó fi ìka kan tọ ọrùn ìkòkò funfun náà wálẹ̀, ó ní, "Ó jọ ọ́." Ọkàn mi yọ́ bí àbẹ́là. Nígbà tó ní òun fẹ́ fi mí ṣaya, ohun kan ṣoṣo ni mo tọrọ: kí ojú fèrèsé pálọ̀ wa jẹ́ ti àwọn ìkòkò mi. Ó búra.

Ìyá rẹ̀ ò bá wa búra ní tiwọn.

"Ìyàwó wa," ni wọ́n ní lọ́jọ́ tí a lọ wo ilé tuntun, "ṣé àwọn ìkòkò ọ̀fọ̀ yẹn náà ń bọ̀ níbí?"

"Wọ́n ń bọ̀, mà."

"Ìkòkò òdòdó tí kò ní òdòdó! Àlejò á ní olè ló jí i yọ. Nǹkan tó ń dán ló yẹ ilé tuntun."

"Màmá, bí wọn ò bá wọlé, èmi náà ò ní wọlé."

"Ẹ gbà mí o! Ìkòkò ló fẹ́ fẹ́ ọmọ mi!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀.

Dídán ló wá kó àwọn ìkòkò náà lọ sílé tuntun ṣáájú mi. Nígbà tí mo fi máa dé pẹ̀lú kọ́tìnnì tí mo rán, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fọwọ́ bò mí lójú, ó mú mi wọlé, ó sì ká ọwọ́ kúrò.

Lójú fèrèsé, nǹkan mẹ́ta ń kọ mànà bí ife ẹ̀yẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Wúrà láti ẹnu dé ìdí! Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga tuntun, inú wọn ń dùn ṣìnkìn.

"Kí lèyí?"

"Mo fín wọn ni, Àyànfẹ́. Màmá ní bí wọ́n bá ti lè dán, àwọn ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Mo fẹ́ kí inú ẹ̀yin méjèèjì dùn ni."

"Ṣé o bi mí?"

Ó wolẹ̀.

"Wúrà lọmọ mi fi kun amọ̀ fún ọ, o wá ń fajú ro," ni ìyá rẹ̀ wí. "Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń wá èyí tí wọ́n máa fi sọ́rùn!"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Bí ẹ bá jí lóorun, tí ẹ rí i pé wọ́n ti fi wúrà kùn yín lójú, ṣé ẹ máa dúpẹ́?"

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Mo dìde, mo fi kọ́tìnnì wé àwọn ìkòkò mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi fèrèsé sílẹ̀ ní ìhòòhò.

"Dídán, ọjọ́ tí wọ́n bá padà sí àwọ̀ wọn ni fèrèsé yìí máa rí kọ́tìnnì, tí ìwọ náà máa rí ìyàwó."

Mo kó wọn mọ́ra, mo sunkún dénú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Ta ni kò ní sunkún? Mo fẹ́ràn rẹ̀ dé mùdùnmúdùn egungun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kùn mí lónìí láìbi mí, á gé mi kúrú lọ́la.

Ní ọjọ́ kejì, Dídán yọ. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì tínà dání, omi olóòórùn tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀dà, àti àkísà.

"Ọkọ̀ ni mo mọ̀," ló wí. "Bó bá ti gbó, fífín ni. Mi ò mọ̀ pé nǹkan lè gbó síbẹ̀ kó pé."

Mo ń rán aṣọ mi lọ. Ó kó àwọn ìkòkò náà síwájú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, lójú gbogbo ayé, ó ń nu wúrà kúrò lára wọn.

"Dídán, ṣé ọkọ̀ ti tán nígboro ni?" ni obìnrin kan tó ń kọjá bi í.

"Ìyàwó ló fẹ́ tán, ẹ jẹ́ n ráyè!"

Ọrùn-Lékelèké kọ́kọ́ yọ, ó funfun bíi ti tẹ́lẹ̀. Oníkùn tẹ̀ lé e. Ọkàn mi fẹ́ fò jáde, mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ maṣíìnì. Ṣùgbọ́n wúrà ti wọ gbogbo ihò ara Ara-Òkúta. Bó ṣe ń nù ún ló ń wọlé sí i.

Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bá wa. "Ọmọ mi! Torí ìkòkò lo ṣe jókòó sínú eruku?"

"Màmá, mo bà á jẹ́ ni, mo sì ń tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sí i."

Èmi ò tíì gbọ́ kó sọ irú ẹ̀ fún wọn rí. Ó kọjú sí mi. "Èyí ò lè mọ́ tán. Jẹ́ n wá òmíràn."

"Kò sí òmíràn. Gbé e wálé bẹ́ẹ̀. Àárín gan-an ló máa dúró. Nígbàkigbà tí o bá tún fẹ́ bá mi dáhùn láìbi mí, kọ́kọ́ wò ó."

Lọ́jọ́ náà ni mo so kọ́tìnnì mi sójú fèrèsé pálọ̀ wa.

Ìyá ọkọ mi ò tíì gbà o. Bí wọ́n bá wá kí wa, wọ́n á mú òdòdó oníke kan dání. Mo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á lórí ìkúnlẹ̀, mo máa ń dúpẹ́ dáadáa, èmi á sì lọ kì í sínú ife ní kíṣìnnì.