Ẹjọ́ Agolo Tína Lọ́dọ̀ Ìjọba

Àlá tí mo lá lóru àná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé àga ni mò ń kàn. Lásìkò òjò, inú pálọ̀ wa ni mo ti ń fi fáníìṣì fín in. Ó ti ṣe díẹ̀ tí Ìbídùn, ìyàwó mi, ti ń wúkọ́. Ó ní òórùn tína tí mo fi ń po fáníìṣì ló fà á. Èmi ní atẹ́gùn òjò ni. Orí ọ̀rọ̀ yìí la wà tí oorun fi gbé mi lọ.

Kò pẹ́ tí mo sùn ni agolo tína gbọn ara rẹ̀ nídìí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ dìde. Ẹ̀sùn tí ìyàwó yín ń fi kàn mí ti tó gẹ́ẹ́. Ẹ gbé mi lọ bá ìjọba, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ bóyá mò ń pani lára."

Mo ní kò burú. Mo wọ bàtà, mo gbé e.

Ojú ọ̀run ni ọ́fíìsì ìjọba wà. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ òpó iná kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Okùn náà ní kí n nu ẹsẹ̀ mi kí n tó gun òun. Mo nù ún. Nígbà tí mo débẹ̀, Ìbídùn ti jókòó síwájú ìgbìmọ̀, ó ń wúkọ́. Bó bá ti wúkọ́, ọ́fíìsì a fì sọ́tùn-ún, a fì sósì.

Alága ìgbìmọ̀, Dókítà Awótóyè, wo ìyàwó mi. "Ìyá, ẹ̀rí yín dà?"

Ìbídùn wúkọ́.

"Ikọ́ ẹnì kan ò tó. A ó kéde, ará ìlú á sọ tẹnu wọn, àwọn onímọ̀ á wádìí, lẹ́yìn náà a ó wá wádìí ìwádìí wọn."

Fáànù ilé wa ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Ọjọ́ tí iná bá wà nìkan ni mo lè jẹ́rìí o." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó jókòó.

Eku mẹ́ta tó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun bọ́ síwájú. Èyí àgbà nínú wọn sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Àwa ni wọ́n fi dán tína wò. Mẹ́rin la wà tẹ́lẹ̀."

Alága wá ní, "Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe èèyàn."

"Kí ló dé tí wọ́n wá ń bi wá?" Eku náà ò bínú o, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Àwọn kan ní kí wọ́n kọ ọ́ pé tína ń pani lára. Àwọn kan ní kí wọ́n fi "lè" kún un, pé ó *lè* pani lára. Alága fara mọ́ "lè." Ó ní, "Lè! Lè-è! Lè-è-è!" Ó fà á títí ó fi di "mè-è-è," ìwo yọ lórí ẹ̀, irùngbọ̀n ẹ̀ gùn. Àwọn yòókù náà di ewúrẹ́, wọ́n sì ń jiyàn lọ. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ìbídùn ò lè mí dáadáa mọ́. Mo kúnlẹ̀ fún ewúrẹ́: "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ń kú lọ!"

Alága jẹ àpọ́jẹ díẹ̀. "Ẹ padà wá tí àwọn ọmọ-ọmọ yín bá dàgbà."

Ni ìyàwó mi bá dìde. Ó já òǹtẹ̀ ìjọba gbà lẹ́nu ewúrẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ agolo náà níkùn, gbàì! "Ó ń pani lára! Àyà mi ló ń wọ̀, mo mọ̀ ọ́n."

Agolo mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ ṣeun. Ó pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tó máa sọ ọ́."

Kí n tó dáhùn, àwọn ewúrẹ́ ti jẹ okùn tán, ọ́fíìsì sì ti gbéra. Mo já bọ́. Ẹ̀rù ò bà mí rárá.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo balẹ̀ sí, ilẹ̀ ti mọ́. Ìbídùn ò sí níbẹ̀. Mo sáré jáde. Ó ti wọ́ àga tí mo fín lánàá bọ́ sí fàráńdà, orí ẹ̀ ló sùn sí, kò wúkọ́ rárá. Mo gbé agolo tína jáde nílé, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo ní, "Ìta ni n ó ti máa fín àga láti òní lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ dìde. Kò lè dìde. Fáníìṣì ò tíì gbẹ nígbà tó jókòó, ìró ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ àga pinpin. Nǹkan kan ṣoṣo ló sì ń tú irú ẹ̀.

Ó wo agolo. Èmi náà wo agolo.

"Bàbá Morádékẹ́," ó ní, "ẹ lọ mú sísọ́ọ̀sì wá."