Ògiri Tí Bàbá Rẹ́

Ìyá Kékeré kò tíì gbé búrẹ́dì tó lọ rà sílẹ̀ tó fi rí i pé ẹyẹ tí wọ́n yà sára ògiri náà kò ní orí mọ́.

Bàbá rẹ̀ dúró lórí àpótí nínú pálọ̀ ilé àlejò, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń fi irin ìrẹ́lé bu sìmẹ́ńtì tútù nínú báàfù, ó ń rẹ́ ògiri. Ó ti rẹ́ ẹ láti òkè dé àárín. Ọrùn ẹyẹ ti lọ, apá rẹ̀ kan ti lọ. Ìrù àti ẹsẹ̀ nìkan ló kù nísàlẹ̀, bí ẹni pé ẹyẹ náà ki orí bọ inú kùrukùru, kò sì rí ọ̀nà padà.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń bá wọn parí iṣẹ́." Bàbá kò yíjú. "Mo fọwọ́ kan ògiri yìí láàárọ̀, ojú tì mí. Bíríkì níhòòhò, nínú pálọ̀! Ẹni tó kọ́ ilé yìí sá lọ ni. Àwọn tó ń tún gọ́tà ṣe lẹ́nu ọ̀nà ló fún mi ní báàfù sìmẹ́ńtì kan. Ọmọlúàbí ni wọ́n."

Ogójì ọdún ló fi rẹ́ ilé. Irin ìrẹ́lé rẹ̀ kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀, àní bó bá ń lọ síbi ìgbéyàwó.

Ká sọ òótọ́, kò yẹ kí wọ́n wà nínú ilé yìí rárá. Ọjọ́ kejì ni dókítà fẹ́ yẹ ojú bàbá wò, kó sì pinnu bóyá wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Bàbá ti ní ojú òun kò ṣe nǹkan kan, kùrukùru díẹ̀ ni, àgbà ló fà á. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ọ̀bẹ kan ojú òun, kó kọ́kọ́ fi kan tirẹ̀. Kó tó gbà láti wọ ọkọ̀, ọmọ rẹ̀ ní láti sọ ọ́ di ìrìn àjò ìgbafẹ́: ọjọ́ mẹ́ta ní ìlú ńlá, wọn yóò sì kàn yà sọ́dọ̀ dókítà bí ẹni yà kí ojúlùmọ̀.

Ọkọ Ìyá Kékeré ní kí wọ́n sùn sí ilé àlejò kan tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn náà gan-an, níbi tí ibùsùn ti jẹ́ ibùsùn, tí ògiri sì jẹ́ ògiri. Ìyàwó rẹ̀ dáhùn pé irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní ìtàn. Kò sọ fún un pé ẹnu ẹlòmíì lòun ti gbọ́ gbólóhùn yẹn. Akẹgbẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ló ti àdúgbò àwọn ayàwòrán dé lọ́dún tó kọjá, tó sì fi oṣù méjì gbáko ròyìn rẹ̀: òpópónà tóóró, ilé tí wọ́n kùn ní àwọ̀ mẹ́fà, ilé kọfí tí kò sí àga méjì tó jọra níbẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń wu Ìyá Kékeré kí òun náà sọ lọ́jọ́ kan pé "nígbà tí a wà ní àdúgbò àwọn ayàwòrán," kí òun sì dákẹ́ díẹ̀, kí wọ́n lè béèrè.

Ó lo odidi òpin ọ̀sẹ̀ kan lórí fóònù, ó ń fi àdúgbò wé àdúgbò. Èyí tó wà létí odò ti di ti olówó, àwọn ayàwòrán ti sá kúrò níbẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin dọ̀tí jù. Níkẹyìn ó rí èyí tó dọ̀tí níwọ̀n. Kò sì dá ṣe é. Ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó fi fọ́tò ilé náà hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan: ògiri bíríkì, àti ẹyẹ pupa tó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Bàbá gba fóònù, ó gbé e jìnnà, ó gbé e súnmọ́, ó ní, "Ó dára. Ó dára gan-an." Ohun tí ọmọ rẹ̀ fi pa ọkọ lẹ́nu mọ́ nìyẹn.

Ìyá Kékeré ṣì di búrẹ́dì mú nígbà tí onílé wọlé. Àǹtí Ọlọ́nà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò mú búrọ́ọ̀ṣì rí. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ dé ibi tó fi ń dẹ́rù bani. Ó ní ẹni tó ya ẹyẹ yẹn ti ṣí lọ sí òkè òkun, kò sì ní padà wá yà á. Ó ní àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá dúró níwájú rẹ̀.

"Ẹyẹ yẹn ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wá, Bàbá. Kò sẹ́ni tó ń tìtorí ibùsùn mi wá."

Irin ìrẹ́lé dúró lórí ògiri. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tún rìn.

"Mo rí ẹyẹ yín," ni bàbá wí. "Ẹ má bínú, kò tó nǹkan. Ògiri dídán ló yẹ ilé."

Ibẹ̀ ni inú ti bí Ìyá Kékeré gan-an. Ó ju búrẹ́dì sórí àga. Ó ní ṣé Bàbá rí i, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ rẹ́ sìmẹ́ńtì lé e lórí. Ó ní òun ti mọ ète wọn: wọn kò fẹ́ rí dókítà, wọ́n fẹ́ kí onílé lé àwọn jáde kí àwọn lè padà sílé, kí wọ́n tún máa sọ fún gbogbo ayé pé ojú wọn dá ṣáká. Ó ní òun gbààyè níbi iṣẹ́, òun bẹ ọ̀gá, òun bẹ ọkọ, àgbàlagbà sì ń ṣe bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

"Bí o bá ti sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni," ni bàbá wí. Inú ti ń bí òun náà. "Ṣé torí ẹyẹ lo ṣe ń bú mi? Ẹyẹ funfun bín-ín-tín bẹ́ẹ̀?"

 Àwọn obìnrin méjèèjì ń wo ìrù ẹyẹ náà, tó gùn tó apá èèyàn, tó pupa bí ata, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún bàbá gan-an.

Ìyá Kékeré wá wo ibi tí bàbá ti rẹ́. Kò sí págunpàgun kankan níbẹ̀. Ọwọ́ ló fi ṣe gbogbo rẹ̀, kò fi ojú ṣe é. Ó rántí ọwọ́ kan náà léjìká òun láti ìgbà tí wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí òun rò pé ìfẹ́ ni. Ó rántí fóònù náà. Inú ṣì ń bí i, ṣùgbọ́n nígbà tó wá ẹni tí ìbínú náà tọ́ sí, ẹni tó rí ni obìnrin kan tó ń fi fọ́tò han ẹni tí kò ríran, kó lè rí nǹkan fi yangàn níbi iṣẹ́.

Àǹtí Ọlọ́nà ló kọ́kọ́ mira. Ó lọ gbé garawa omi àti kànrìnkàn méjì wá. "Kò tíì gbẹ," ó wí. "Ẹ rọra fọ̀ ọ́." Ó mú bàbá lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí, ó sì jáde.

Ìyá Kékeré pe ọkọ rẹ̀, ó ní kó fi orúkọ ilé àlejò ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ránṣẹ́. Ọkọ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ẹyẹ ni, ó sì pa fóònù. Ó gun àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ògiri. Bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú irin lọ́wọ́.

"Ṣé etí rẹ̀ ti ń yọ?" ó bi í lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

"Ẹyẹ wo ló létí, Bàbá?"

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o ṣì ń bínú ni."

"Mo ṣì ń bínú."

"Ó dára." Ó ń fi àtàńpàkò nu sìmẹ́ńtì kúrò lára irin. "Lọ́la, bí dókítà bá bi mí ní nǹkan, ìwọ ni kí o dáhùn. Bí mo bá fi la ẹnu, màá ní mo rí i."

Ìyá Kékeré ju kànrìnkàn sínú garawa. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú ọwọ́ tó ṣófo náà, ó sì gbé e lé ibi tí ògiri ti mọ́.

"Orí rẹ̀ nìyí," ó wí. "Pupa ni."