Ìwọ̀n Ìdọ̀bálẹ̀

"Erin ni mo kọ́kọ́ ṣe ìjókòó ọkọ̀ fún láyé mi! Erin gidi! Ó wa lọ́rì láti Ìfọ̀ dé Ìbàfò, orúnkún rẹ̀ ò kan nǹkan kan. Kó tó débẹ̀, ó ti ń hanrun!"

Báyìí ni Lásúnkànmí, káfíńtà tó ń kan ara bọ́lẹ̀kájà nídìí réluwéè Ìfọ̀, ṣe ń pariwo láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí ọkùnrin yìí bá sín n'Ífọ̀, ọkọ̀ ojú irin tó wà l'Ábẹ́òkúta á dáhùn.

Wòsílátù, tó ń ki òwú sínú tìmùtìmù ìjókòó, bú sẹ́rìn-ín. "Bí erin ṣe ń hanrun, ta ló wá ń wa ọkọ̀?"

"Ìyàwó ẹ̀ ni!"

Láwàl, dẹ́rẹ́bà tuntun, wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàárọ̀, bàbá."

"Má dìde! Má tiẹ̀ mí!" Lásúnkànmí na okùn láti ìbàdí rẹ̀ dé ṣóńṣó ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ta á ní kókó. "Ó parí! Àwọn káfíńtà yòókù á ní kó o jókòó, kó o nasẹ̀, kó o kásẹ̀. Kíkí lásán lèmi fi ń wọn dẹ́rẹ́bà."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe wọn Nọ́fíù," ni Wòsílátù wí. Kò gbójú sókè.

Ẹ̀rín dá. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́rì tí Lásúnkànmí kàn fún Nọ́fíù já sódò ní Mówè, ó sì gba ẹsẹ̀ ọ̀tún Nọ́fíù lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó bi í, Lásúnkànmí ti sáré sọ fún olówó ọkọ̀ pé, "Oorun ló gbé e lọ." Gbogbo ayé gbà á. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti há a lọ́fun bí eegun ẹja. Ó ń fi irọ́ mìíràn tì í, kò lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Lásúnkànmí fẹsẹ̀ kan ṣoṣo rìn wọlé, pẹ̀lú ọ̀pá méjì lábẹ́ abíyá.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá," ni Nọ́fíù wí. "Ẹ má bínú, n ò lè dọ̀bálẹ̀ mọ́."

Lásúnkànmí di okùn mú ṣinṣin lára Láwàl tó ṣì dọ̀bálẹ̀.

"N ò bá ìjà wá. Ẹ sáà sọ fún olówó ọkọ̀ pé n ò sùn. Ta ló máa gbé iṣẹ́ fún ẹni tó ń sùn nídìí ọkọ̀?"

"O sùn! Mo gbọ́ híhanrun ẹ láti ibí!"

Nọ́fíù yọ ègé pákó kan nínú àpò. Okùn ṣì wà lára rẹ̀. "Èyí ni mo so mọ́ bíréèkì kí ẹsẹ̀ mi lè tó o. Lọ́jọ́ náà, ó yọ̀." Ó wo ilẹ̀. "Láwàl, ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ bí ẹni ń tẹ bíréèkì. Bàbá, ẹ má gbé okùn yẹn kúrò."

Láwàl ká wọn bẹ́ẹ̀. Àlàfo ṣí sílẹ̀ láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ àti kókó okùn. Wòsílátù kúnlẹ̀, ó ki pákó náà sí i. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí: iye tí okùn fi gùn ju ẹsẹ̀ lọ ni ìjókòó Nọ́fíù fi jìnnà sí bíréèkì.

Láwàl gbórí sókè. "Bàbá, ṣé erin yẹn náà dọ̀bálẹ̀ fún yín ni?"

Lásúnkànmí ju okùn sílẹ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀. Bàtà rẹ̀ kan dúró nínú ṣọ́ọ̀bù. Eruku rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo oòrùn mọ́lẹ̀. Ó fo irin réluwéè kọjá kó tó bojú wẹ̀yìn.

Kò sẹ́ni tó ń lé e. Ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kó lé e dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lórí ọ̀pá méjì, ó ń wo ẹsẹ̀ Lásúnkànmí méjèèjì bí wọ́n ṣe ń sáré lọ.